Òróòro Lójú Ọ̀nà Ẹ̀gùá

Aago márùn-ún ìdájí kò tíì lù nígbà tí mo ti ilẹ̀kùn ilé wa ní Ìlaròó, tí mo gbé àpò kọ́ èjìká, tí mo ń bẹ Ọlọ́run pé kí ike tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ má jò. Abọ́ pẹrẹsẹ kan wà nínú àpò náà, pẹ̀lú yíǹkì mẹ́ta, dúdú, búlúù àti pupa, búrọ́ọ̀ṣì méjì, ogún bébà funfun tí mo ká jọ, àti ike omi kan tí mo fi ọ̀rá dúdú wé lẹ́ẹ̀mejì. Òróòro màlúù ló wà nínú ike yẹn. Ọkọ mi nìkan ló mọ̀. Ó ti sọ lálẹ́ àná pé bí òun bá jẹ́ èmi, òun kò ní gbé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ gba ọ̀nà ẹnu ibodè. Mo ní kò sí ohun tí yóò ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń rìn lọ sí gáréèjì, gbogbo ìgbà tí ike náà bá kan abọ́ ni àyà mi ń já.

Iṣẹ́ ọnà ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní ìlú wa. Ó ti tó oṣù mẹ́rin tí mo ti ń dán iṣẹ́ kan wò tí n kò rí ẹni kọ́ mi. Èèyàn á kán yíǹkì sójú omi, á fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ fà á sọ́tùn-ún sósì títí yóò fi dárà, á wá tẹ́ bébà lé e, bébà náà á sì gbé àrà yẹn bó ṣe wà lójú omi gẹ́lẹ́. Ẹni tó bá ti ṣí èèpo ìwé ńlá àtijọ́ rí, irú èyí tí wọ́n ń kọ orúkọ àwọn tó ṣèrìbọmi sí ní ṣọ́ọ̀ṣì, á ti rí bébà bẹ́ẹ̀ nínú rẹ̀, tó dà bí òkúta dídán tàbí ìyẹ́ ẹtù. Omi lásán kò ṣe é lò, ó gbọ́dọ̀ ki díẹ̀. Mo lo sítáàṣì, ó ṣù. Mo se ilá, mo sẹ́ omi rẹ̀, ìyẹn dáa. Ṣùgbọ́n yíǹkì mi ń rì. Á balẹ̀ sójú omi, á na ara díẹ̀, á wá rọra wọlẹ̀ lọ bí ẹni pé ẹnì kan fà á lẹ́sẹ̀. Inú ilé ìdáná ni mo ti ń ṣe gbogbo èyí, ilẹ̀kùn a sì máa wà ní títì, torí n kò fẹ́ kí àwọn ará ilé máa bi mí ohun tí mo ń wò nínú omi.

Ọ̀gá tó ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní èdè Faransé ló sọ fún mi nípa Bàbá Jẹ̀rómù. Bàbá náà ti ṣiṣẹ́ ní ilé ìtẹ̀wé àwọn àlùfáà kan ní Àjàṣẹ́, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, fún ọ̀pọ̀ ọdún, níbi tó ti ń rán ìwé tó sì ń lẹ èèpo rẹ̀. Ó ti padà sí abúlé rẹ̀ báyìí, lẹ́yìn Ẹ̀gùá. Ó ránṣẹ́ sí mi pé kí n tètè wá, torí ojú òun ti ń fọ́ lọ, kí n sì mú òróòro màlúù tútù dání, pé òróòro náà ni kì í jẹ́ kí yíǹkì rì. Mo bẹ alápatà kan. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ó gbé ike kan fún mi, ó ti dé e pa. Mo dúpẹ́, mo lọ. N kò bi í ní nǹkan kan.

Kò sí ọmọ Yorùbá tí kò mọ ohun tí wọ́n ń sọ nípa òróòro. Ti ọ̀nì ni wọ́n ń bẹ̀rù jù. Wọ́n ní ẹni tí wọ́n bá fi sínú oúnjẹ rẹ̀ kò ní í rí ọ̀la. Bóyá òótọ́ ni, bóyá irọ́ ni, n kò mọ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé wọn kì í fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣàwàdà.

Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà ni wọ́n ń gbà láti Ìlaròó dé Ẹ̀gùá. Mọ́tò wa kò ju ti èèyàn méje lọ, mẹ́sàn-án ni a sì kún inú rẹ̀. Awakọ̀ wa, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Ẹ̀gbọ́n Múrí, jẹ́ ọkùnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ìyá kan tó ń ta àlùbọ́sà jókòó tì mí, Ìyá Bọ́sẹ̀ lorúkọ rẹ̀, ó jù mí lọ ní bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ó béèrè iṣẹ́ mi, mo ní olùkọ́ ni mí, láti ìgbà náà ló ti ń pè mí ní Tíṣà. Kò sí àyè nísàlẹ̀, torí náà àárín èmi àti ìyá náà ni mo ki àpò mi bọ̀.

Ọ̀nà náà dára dé ibì kan, lẹ́yìn ìyẹn ó di erùpẹ̀ pupa tí òjò ti gbẹ́ ní kòtò. Mọ́tò ń yà sí igbó, ó ń yà padà. Oko ẹ̀gẹ́ ni lápá kan, igi tíìkì lápá kejì. Nígbà tí a fi dé Ọjà-Ọ̀dàn, ilẹ̀ ti mọ́. Ẹ̀gbọ́n Múrí dúró kí a ra nǹkan jẹ. Níbí, búrẹ́dì gígùn tó le lẹ́yìn ni wọ́n ń tà, irú tó ń ti ìhà kejì ibodè wá, páà ni wọ́n ń pè é bí àwọn ará ibẹ̀ ṣe ń pè é. Tiwa ní Ìlaròó rọ̀, ó sì dùn bíi ṣúgà; èyí kò ní ṣúgà rárá, ṣùgbọ́n ó bá àkàrà gbígbóná mu. Èmi kò lè jẹ nǹkan kan. Ìyá Bọ́sẹ̀ ra kan, ó fi àkàrà sí i láàárín, ó jẹ ẹ́ bí a ṣe ń lọ. Láàárín kan mo rí i tó fi ọwọ́ nu orúnkún rẹ̀, tó ní omi ta sí òun láṣọ. Mo rò pé omi ìrì ojú fèrèsé ni.

A ti kọjá ibi mẹ́rin tí wọ́n ti ń dá mọ́tò dúró. Ní mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n kàn wo ojú wa ni. Ìkarùn-ún wà lẹ́nu abúlé kan tí n kò ní í dárúkọ rẹ̀, àwọn ẹ̀ṣọ́ ìlú fúnra wọn ló dúró níbẹ̀, pẹ̀lú ìbọn ọdẹ àti àdá, igi gbọọrọ kan sì dábùú ọ̀nà. Àwọn ajínigbé ti gbé èèyàn kan lọ ní agbègbè náà ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, kò sì tíì padà. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ní kí gbogbo wa sọ̀kalẹ̀, kí oníkálùkù ṣí ẹrù rẹ̀.

Ọ̀dọ́kùnrin tó yẹ àpò mi wò kọ́kọ́ kó yíǹkì jáde, ó sì kó bébà funfun jáde. Ó wò mí, ó bi mí bóyá owó ni mo ń tẹ̀. Lẹ́yìn náà ló kan ọ̀rá dúdú yẹn. Ó tú u. Ìdérí ike náà ti yọ̀ díẹ̀, ara ọ̀rá náà tutù. Ó béèrè ohun tó wà nínú rẹ̀.

Mo ní àgbo ni.

Títí di òní, n kò mọ ìdí tí irọ́ fi kọ́kọ́ wá sí mi lẹ́nu. Ó ṣí i, ó gbóòórùn rẹ̀, ó yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ní àgbo wo ni, ewé wo ló wà nínú rẹ̀. Èmi tí mo ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ níwèé, n kò rí orúkọ ewé kan ṣoṣo sọ. Mo wá sọ òótọ́ nígbà tí kò wúlò mọ́, pé òróòro màlúù ni, pé iṣẹ́ bébà ni mo fẹ́ fi ṣe.

Àwọn tí a jọ wọkọ̀ sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, wọn kò sáré, wọ́n kàn rọra sún ni. Ìyá Bọ́sẹ̀ nìkan ni kò sún. Ó ń wo ìró rẹ̀. Àbàwọ́n kan tó pọ́n rúsúrúsú bí omi ewé wà lórí orúnkún rẹ̀, ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́.

"Tíṣà," ó ní, ohùn rẹ̀ kò sì ga, "mo ti fi ọwọ́ yìí jẹun."

Gbogbo ohun tí mo ti ń bẹ̀rù láti ìdájí, ti ara mi ni. Mo ń bẹ̀rù kí wọ́n má gbá mi mú, kí wọ́n má lù mí, kí wọ́n má fi mí ṣẹ̀sín. Kò wá sí mi lọ́kàn rí pé ẹlòmíràn lè jẹ ẹ́. Mo wo ojú ìyá yẹn, mo sì rí i pé ikú ló ń wò.

Olórí àwọn ẹ̀ṣọ́ náà jáde láti abẹ́ igi tó jókòó sí. Bàbá àgbà ni, ó fi fìlà bo etí méjèèjì. Wọ́n ro ẹjọ́ fún un. Kò pariwo mọ́ mi, ìyẹn ló sì dẹ́rù bà mí jù. Ó bi mí bóyá mo wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n gé e lára màlúù.

Mo ní, "Rárá, Bàbá."

"Ta ló wá sọ fún ọ pé ti màlúù ni?"

"Alápatà ló sọ bẹ́ẹ̀, sà."

"Ìwọ fúnra rẹ ò mọ̀, nígbà náà."

N kò mọ̀. Bó ṣe sọ ọ́ ni mo tó mọ̀ pé n kò mọ̀. Mo yọ fóònù kí n pe alápatà náà, ṣùgbọ́n nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ti ìhà kejì ibodè ló wà lórí rẹ̀. Obìnrin kan ń fi èdè Faransé sọ ohun tí n kò gbọ́ sí mi létí. Mo tún un pè lẹ́ẹ̀mẹta. Obìnrin yẹn náà ló ń dáhùn.

Bàbá náà gbé ike wá síwájú mi. Ó ní kí n tọ́ ọ wò. Ó ní bí ó bá jẹ́ ti màlúù, kíkorò ló máa korò, kò ní í pa mí. Bí kò bá sì jẹ́ ti màlúù, ìyá yìí nìkan kọ́ ni yóò jẹ ohun tí mo fún un jẹ. Mo rántí Ìrètí, ọmọ mi, ọmọ ọdún mẹ́wàá, pé n kò jí i kí n tó jáde. Mo fi ìka bọ ẹnu ike náà, mo fi kan ahọ́n.

Mo ti jẹ ewúro tútù rí, mo ti mu dógóyárò. Wọn kò tó o. Ìkorò náà gba ahọ́n mi, ó lọ sí ẹ̀yìn ọ̀nà ọ̀fun, ó dúró síbẹ̀. Omi bọ́ lójú mi. Bàbá náà tọ́ka sí ọ̀pẹ kan lókèèrè, ó ní nígbà tí oòrùn bá gun orí rẹ̀, gbogbo wa yóò ti mọ̀.

Èmi àti Ìyá Bọ́sẹ̀ jókòó sórí ìtì igi kan. Àwọn mẹ́ta nínú àwọn èrò gba ọ̀kadà lọ. Ẹ̀gbọ́n Múrí kò lọ. Wọ́n ní kó máa gbé àwọn tó kù lọ, ó ní òun kò ní í fi àwa méjèèjì sílẹ̀ lọ, ó sì tẹ́ ẹní sẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, ó jókòó.

Lẹ́yìn náà ìyá náà ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún mi nípa ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin. Òun kò ju ọmọ ọdún méjìlá lọ nígbà náà. Ẹ̀gbọ́n náà lọ kí àna rẹ̀, wọ́n fún un lẹ́mu, ó padà dé lálẹ́, ó ní inú ń run òun, ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò mọ́ bá a. Kò sẹ́ni tó mọ ohun tó pa á. Ìyá wọn ní òróòro ọ̀nì ni. Láti ọjọ́ náà, Ìyá Bọ́sẹ̀ kò mu omi nílé ẹnikẹ́ni mọ́, ìbáà jẹ́ ilé ọmọ rẹ̀. Bó ṣe ń sọ ọ́, ó di ọrùn ọwọ́ mi mú, ó ń wo ojú mi bóyá yóò yí padà. Èmi náà ń wo tirẹ̀. Inú mi kùn, mo rò pé ó ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, mo fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Ó rí i, ọwọ́ rẹ̀ le sí i lára mi. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní kí ó jọ̀ọ́ dárí jì mí, pé n kò mọ̀ pé ó jò.

Oòrùn dé ìdí ọ̀pẹ. Ó dé àárín rẹ̀. Òógùn tí ń ṣàn lẹ́yìn mi tutù. Nígbà tó ku díẹ̀ kí oòrùn dé imọ̀ rẹ̀, Ìyá Bọ́sẹ̀ tú ọwọ́ mi sílẹ̀, ó mí kanlẹ̀.

"Ebi ń pa mí," ó ní.

Olórí ẹ̀ṣọ́ gbọ́ ọ. Ó bi èmi náà léèrè. Mo ní ebi ń pa mí. Ó ní ẹni tó bá jẹ òróòro ọ̀nì kò ní í béèrè oúnjẹ. Wọ́n mú àgbàdo sísè wá láti agboolé kan, a jẹ ẹ́, gbogbo wọn ń wo ẹnu wa. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kọ nọ́ńbà fóònù wa méjèèjì sílẹ̀, bàbá náà sì ní kí a gba nọ́ńbà ara wa, pé bí nǹkan bá ṣe ẹnì kan, kí èkejì lè mọ̀. Wọ́n gbé igi kúrò lọ́nà. Ike mi, wọ́n dá a padà fún mi, ṣùgbọ́n Ẹ̀gbọ́n Múrí fi okùn dè é mọ́ ẹ̀yìn mọ́tò níta.

A dé Ẹ̀gùá nígbà tí ọjà ti kún. Ìyá Bọ́sẹ̀ sọ̀kalẹ̀, ó kó àlùbọ́sà rẹ̀. Mo rò pé kò ní í bá mi sọ̀rọ̀. Ó yíjú padà.

"Tíṣà, ohun tí o kò bá lè sọ fún ẹni tó jókòó tì ọ́, má gbé e wọ mọ́tò."

Láti Ẹ̀gùá, ọ̀kadà gba ẹgbẹ̀rún méjì náírà dé abúlé Bàbá Jẹ̀rómù. Ọ̀nà ẹsẹ̀ ni, àárín oko àgbàdo àti kaṣú, ọlọ́kadà sì ní ilẹ̀ tí mo ń wò lókè ọ̀hún kì í ṣe Nàìjíríà mọ́. Kò sí odi, kò sí òpó, igbó kan náà ni. Bàbá náà wà lẹ́nu ọ̀nà, ó na ọwọ́ síbi tó ti gbọ́ ohùn mi. Ó ní, "Bọnarifé," bí àwọn ará ìhà kejì ṣe ń kí àlejò káàbọ̀. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Ẹ̀gbọ́n Fẹ̀lísì, gbé ẹ̀kọ àti ẹja díndín wá. Ẹ̀kọ tiwọn ń kan ju tiwa lọ, ewé gbòòrò ni wọ́n sì fi wé e. Mo jẹ díẹ̀. Gbogbo òkèlè tí mo gbé mì ni mo ń tẹ́tí sí bóyá inú mi á gbà á.

Mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún wọn. Ẹ̀gbọ́n Fẹ̀lísì fi ọwọ́ bo ẹnu. Bàbá Jẹ̀rómù kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n gbé ike náà wá, ó tú díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ó gbóòórùn rẹ̀, ó fi ahọ́n kàn án. Ó ní ti màlúù ni, kò tíì bàjẹ́. Ó ní ọ̀gá tó kọ́ òun níṣẹ́ ní Àjàṣẹ́ kì í lo èyí tí kò bá kọ́kọ́ tọ́ wò, torí èyí tó ti bàjẹ́ yóò ba omi jẹ́. Ó ní, "Nílé ló yẹ kó o ti ṣe é, ọmọ mi."

Omi ilá tí Ẹ̀gbọ́n Fẹ̀lísì sè ti tutù nínú abọ́. Ó ní kí n po álọ́ọ̀mù, irú tí wọ́n fi ń mú omi tòrò, kí n fi pa bébà, kí n jẹ́ kó gbẹ, torí álọ́ọ̀mù náà ni yóò jẹ́ kí yíǹkì lẹ̀ mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà, ẹ̀kán òróòro kan ṣoṣo nínú yíǹkì dúdú, méjì nínú búlúù. Ẹ̀kán kan. Odidi ike ni mo gbé dání. Ẹ̀kán àkọ́kọ́ bọ́ sí ilẹ̀. Bàbá náà gbọ́ ọ. Ó ní kí n dúró, kí n mí, kí n tún un ṣe.

Mo ta yíǹkì dúdú sójú omi. Kò rì. Ó ṣí bí ojú, ó fẹ̀, ó dúró. Mo ta búlúù sí àárín rẹ̀, ó ti dúdú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Jìnnìjìnnì bò mí bí mo ṣe ń wò ó. Àwọ̀ yẹn ń rìn fúnra rẹ̀, mo sì mọ̀ pé ká ní mo ṣe é níwájú àwọn ẹ̀ṣọ́ láàárọ̀ láti fi gba ara mi, wọn ì bá pa mí. Mo fi igi fà á, mo tẹ́ bébà lé e, mo gbé e. Gbogbo rẹ̀ ló bá bébà wá. Mo ṣe àpèjúwe rẹ̀ fún Bàbá Jẹ̀rómù, ìlà kọ̀ọ̀kan, nítorí kò lè rí i. Ó ní kí n fi ọwọ́ òun kan ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ibi tó tutù. A ṣe mẹ́sàn-án sí i kó tó rẹ̀ ẹ́.

Mo fi ike náà sílẹ̀ fún un. Ẹ̀gbọ́n Múrí náà ló gbé mi padà. Nígbà tí a dé ẹnu abúlé yẹn, olórí ẹ̀ṣọ́ ní kí n fi ohun tí mo lọ ṣe han òun. Mo tú bébà kan fún un. Ó dì í mú ní ẹ̀gbẹ́, ó yí i síwá sẹ́yìn, ó ní ó dára. Ó dá a padà, ó sì nu ìka rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò.

A dé Ìlaròó kí oòrùn tó wọ̀. Ìrètí wá pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà. Ọkọ mi wo ojú mi, kò béèrè títí mo fi wẹ̀. Mo sọ ohun gbogbo fún un. Mo sọ fún un pé ní gbogbo ọ̀nà àlọ ni mo ń pe àwọn tó ń bẹ̀rù òróòro ní aláìmọ̀kan nínú ọkàn mi, nígbà tó jẹ́ pé èmi ni mo gbé ohun tí n kò mọ̀ sí àárín èèyàn mẹ́sàn-án. Ìrìn àjò náà kọ́ mi ní iṣẹ́ yíǹkì. Ó tún kọ́ mi pé ẹ̀rù tó ba èèyàn lè ní ìdí tó dàgbà ju èmi tí mo ń bínú sí i lọ. Láti ìgbà náà, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìta ni mo ti ń ṣiṣẹ́, mo sì máa ń lọ dúró ti alápatà nígbà tó bá ń gé òróòro.

Bí mo ṣe ń na àwọn bébà náà sórí okùn ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, fóònù mi dún. Ìyá Bọ́sẹ̀ ni.

"Tíṣà, ṣé o ṣì wà?"

"Mo wà, Màmá. Ẹ̀yin ńkọ́?"

"Mo ṣì wà."

Kò pa fóònù náà. Mo ń gbọ́ èémí rẹ̀, òun náà ń gbọ́ tèmi. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, kí n tó bọ́jú, èmi ni mo pè é.